Orúkọ tí Orvita Gbẹ́ sí Òkúta Etí Ìwọ́dò

Bí ẹ bá bọ Orvita lọ́wọ́ nínú òkùnkùn, ẹ ó búra pé ọkùnrin lẹ bọ̀ lọ́wọ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi, àtàǹpàkò òsì rẹ̀ sì ti wú gbì nítorí òòlù tó ti ń ṣìnà bà á láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Tí àwọn obìnrin bá bi í létí odò pé kí ló sọ ọwọ́ rẹ̀ báyìí, á ní ọlọ ni. "Ọlọ ilé wa wúwo ju tiyín lọ." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé òun ló ń gbẹ́ gbogbo òkúta ibojì tí wọ́n ń yin bàbá rẹ̀ fún.

Macudec ni bàbá náà ń jẹ́. Láti Erin, erékùṣù kan ní ìwọ̀ oòrùn, ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti sọdá òkun wá tẹ̀dó sí ilẹ̀ Demet. Ó gbọ́ èdè méjì, ó sì mọ ìwé méjì: ìwé Róòmù tí wọ́n ń gbẹ́ sí ojú òkúta, àti ìwé Erin, tí kì í ṣe nǹkan mìíràn ju ìlà wẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń là sí etí òkúta láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Kristẹni tó bá kú tó sì ní ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, òkúta gíga ni wọ́n ń rì sórí rẹ̀, kí ó sọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀, kí ó sì sọ pé ibí ló sùn sí. Macudec ti gbẹ́ bí ọgbọ̀n irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún karùn-ún rèé tí funfun ti ń bo ẹyinjú rẹ̀, ó sì ti bò ó tán.

Ta ló máa gbé òkúta bàbá rẹ̀ fún afọ́jú? Ta ló máa gbé e fún ọmọbìnrin? Wọ́n fi awọ màlúù ṣe ọgbà yí ibi iṣẹ́ wọn ká. Bàbá àti ọmọ á jọ wọ ẹ̀yìn awọ, òòlù á máa dún, ẹni tó ń kọjá á sì máa gbọ́ ohùn Macudec tó ń pariwo mọ́ ọmọ rẹ̀ pé kó bu omi wá. Bí wọ́n ṣe ń jẹun nìyẹn.

Ìgbà ìrúwé ni Catotigen dé. Òun ni olóyè tó ni ilé olódi tó wà lórí òkè lókè odò, ẹni ogójì ọdún, tí kì í gbé ohùn sókè nítorí pé kò sí ìgbà kan tó nílò rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Vedomal, ti kú nígbà òtútù. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí ẹṣin, ó jókòó síwájú iná, Orvita sì bu wàrà kíkan fún un.

"Macudec, ṣé ọwọ́ rẹ ṣì ń bẹ níbẹ̀?"

"Ó ń bẹ, olúwa mi."

"Ó dáa. Bàbá mi nílò òkúta."

"Mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀nà òkè ṣọ́ọ̀ṣì ga díẹ̀, ṣùgbọ́n tí a bá rí màlúù mẹ́rin—"

"Ta ló pe òkè ṣọ́ọ̀ṣì? Etí ìwọ́dò ni."

Ọwọ́ Orvita dúró lórí ìkòkò. Etí ìwọ́dò, níbi tí gbogbo ẹran tó ń lọ sí ẹ̀bá òkun ti ń gba inú omi kọjá, kì í ṣe ti Catotigen. Pápá Tunceta opó ni. Ọkọ rẹ̀, Ulcan, ti sùn síbẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án, lábẹ́ òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ tí obìnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ nítorí pé apá rẹ̀ kò ká òkúta ńlá. Ní Demet, òkú ló ń ṣọ́ ilẹ̀. Ẹni tí orúkọ bàbá rẹ̀ bá wà lórí òkúta ní ààlà, òun ló ni í, àwọn ọmọ rẹ̀ ló sì máa ni í.

Macudec tún ẹnu ṣe. "Olúwa mi, ṣebí òkè ṣọ́ọ̀ṣì la sin bàbá sí. Mo gbọ́ orin ìsìnkú náà."

"Ibi tí òkúta bá ní ó sùn sí, ibẹ̀ ló sùn sí. Tó bá di ogún ọdún sí i, ta ni yóò jẹ́rìí?" Catotigen mu wàrà rẹ̀ tán, ó nu irùngbọ̀n. "Ọjọ́ kejì Àjíǹde ni gbogbo ènìyàn yóò pé síbẹ̀. Àlùfáà Saturnin yóò kà á sí wọn létí, ọ̀rọ̀ á sì parí. Etí odò níbẹ̀ ni kí o ti gbẹ́ ẹ, ní gbangba. N kò fẹ́ awọ màlúù kankan. Tó bá sì ní àbùkù, Macudec, ọwọ́ rẹ yẹn náà ni màá gbé lé orí òkúta, màá sì wá òòlù."

Ó fi ọmọ ogun rẹ̀ kan sílẹ̀ láti ṣọ́ wọn. Cavo lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin síngbọnlẹ̀ tí idà ti gé etí òsì rẹ̀ lọ. Ó wo bàbá, ó wo ọmọ, ó ní, "Ẹ má da ara yín láàmú nítorí mi. Ẹ ṣáà máa fún mi lóúnjẹ, ẹ ò ní gbúròó mi."

Ọjọ́ mẹ́wàá péré ló kù.

Wọ́n fi màlúù wọ́ òkúta náà lọ sétí ìwọ́dò, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ó gùn ju ọkùnrin lọ, ó sì dúdú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì Macudec kúnlẹ̀ tì í pẹ̀lú irin àti òòlù lọ́wọ́, Orvita sì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń da omi sójú òkúta. Ó fi ìka tirẹ̀ ti ìka bàbá rẹ̀ sí ibi tó yẹ kí irin bọ́ sí. Cavo jókòó sórí kùkùté ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, ó ń jẹ àlùbọ́sà eléwé ní tútù.

"Sọ́wọ́ ọ̀tún díẹ̀," Orvita wí lábẹ́ èémí. "Ó tó. Lù ú."

Òòlù bọ́ sórí irin, irin yọ̀. Ìlà kan ṣáṣá já gba ojú òkúta kọjá. Wọ́n tún un gbìyànjú. Lẹ́ẹ̀kẹta, òòlù kò bá irin rárá, ọwọ́ arúgbó náà ló bá. Macudec kò ké. Ó kàn tẹríba, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí ojú òkúta, Orvita sì ń yára da omi lé e, ó ń da omi, ó ń da omi.

Cavo dìde. Ó rìn wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ju ẹyọ àlùbọ́sà kan sí iwájú ojú Macudec. Ojú náà kò ṣẹ́.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ó ní. "Bàbá, láti ìgbà wo?"

Orvita tún bu omi sójú òkúta.

"Mo bi yín léèrè. Láti ìgbà wo?"

"Ọdún karùn-ún," Macudec dáhùn.

"Òkúta ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kò tíì pé ọdún mẹ́ta." Cavo yíjú sí Orvita, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó yí i padà, ó wo àtẹ́lẹwọ́ náà títí. Ó bú sẹ́rìn-ín lójijì. "Ọlọ! Àwọn obìnrin ní ọlọ lo máa ń pè é! Ó dáa, ìwọ ọlọ́lọ, gba òòlù lọ́wọ́ bàbá rẹ. Òkúta ni olúwa mi ní kí n ṣọ́, kò ní kí n ṣọ́ ẹni tó ń gbẹ́ ẹ. Tó bá parí, màá sọ ohun tí mo rí fún un. Tí kò bá parí, orí tèmi náà wà níbẹ̀."

Báyìí ni Orvita ṣe kọ́kọ́ gbá irin mọ́ òkúta lójú ọ̀sán gangan. Ó kọ́kọ́ fi òkúta wẹ́wẹ́ ra ojú ibi tí bàbá rẹ̀ bàjẹ́, ó sì fi èédú fa ìlà. Kò tíì gbẹ́ orúkọ kankan.

Lọ́jọ́ kẹta Tunceta jáde láti inú ahéré rẹ̀ wá, korobá wàrà lọ́wọ́. Obìnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ sì ga.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin agbẹ́-òkúta! Ṣé àyà ọkọ mi ti gbà yín dáadáa? Kò ṣe yín bí ẹni pé ó ń gbéra nísàlẹ̀?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," Orvita wí.

"Má pè mí ní ìyá! Àbí, ó dáa, pè mí. Ìyá rẹ kú lórí ìkúnlẹ̀, ọmú ta lo mu? Ọmú tí Ulcan ń sáré wá oúnjẹ fún. Ó máa ń gbé ẹ sí èjìká sọdá omi yìí, ìwọ á máa fa irun rẹ̀." Ó gbé korobá náà kalẹ̀. "Wàrà rèé. Ẹ mu ún. N kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ebi ló jẹ́ kí ẹ tà mí."

Ó yí padà, ó lọ. Cavo ló mu wàrà náà.

Ní ọ̀nà ilé, Macudec di apá ọmọ rẹ̀ mú. "Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ. Gbàgbé rẹ̀. Gbẹ́ ohun tí wọ́n ní kó o gbẹ́. Alààyè ni wá, Ulcan ti kú."

"Bàbá, tí mo bá gbẹ́ Vedomal, Tunceta á di ẹni tí wọ́n lé jáde kí ọkà tó gbó."

"Tí o ò bá sì gbẹ́ ẹ? Ọwọ́ mi ni wọ́n máa fọ́, ọwọ́ tí kò wúlò mọ́. Lẹ́yìn náà, tìrẹ."

Orvita kò sùn dáadáa lóru náà. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ó gun òkè lọ bá Àlùfáà Saturnin, ọkùnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ń jẹ búrẹ́dì Catotigen tí ń gbé inú ilé tí Catotigen kọ́. Ó bá a níbi tó ti ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Àlùfáà, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ìwé Róòmù kà níbí yàtọ̀ sí àwa méjì. Tí ohun tó wà lórí òkúta bá—"

"Dákẹ́!" Ó na ọwọ́ bí ẹni tó ń dá ajá dúró. "Má sọ ohun tó máa wà níbẹ̀ fún mi. Ohun tí mo bá mọ̀, wọ́n lè fi agbára gbà á lẹ́nu mi." Ó gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri. "Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi bo Vedomal mọ́lẹ̀, lẹ́yìn ògiri yìí. Ohun tí ojú mi bá rí lọ́jọ́ náà ló yẹ kí n kà. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá ẹnu mi yóò gbé e. Ojo ni mí, ọmọ mi. Gbàdúrà fún mi."

Ìtùnú kọ́ nìyẹn. Síbẹ̀, nígbà tó padà sétí odò, ó mú irin, ó sì gbẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ Ulcan.

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo lílù òòlù dà bí ìgbà tí ènìyàn ń kan ìlẹ̀kùn ilé ẹlòmíràn. Lẹ́tà ń tò tẹ̀lé ara wọn sísàlẹ̀ òkúta, ó ń fi ọwọ́ gbá ìyẹ̀pẹ̀ òkúta kúrò, Cavo sì ń wò. Bàbá rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, nígbà tí Cavo lọ fún ẹṣin rẹ̀ lómi, arúgbó náà na ọwọ́, ó fi ìka tọ ojú òkúta láti òkè dé ibi tí iṣẹ́ dúró. Orvita kò mí.

Macudec mú ọwọ́ kúrò. "Lẹ́tà rẹ kẹta ga ju àwọn tó kù lọ," ó ní. Lẹ́yìn náà ó ní, "Fún mi ní irin tó kéré yẹn. Etí òkúta kò nílò ojú."

Òótọ́ ni. Ìlà Erin, ìka ló ń tọ́ ọ. Bàbá fi àtàǹpàkò wọn àyè, ó là á, ó tún wọ̀n, ó tún là á. Orvita tẹ́ ọwọ́ sí àwọn ìlà tó kọ́kọ́ gé, ó sì kà wọ́n. Ulcan ni bàbá rẹ̀ náà ń kọ. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó fi ìyẹ̀pẹ̀ òkúta ṣàwáwí.

Ohun kan wà tí wọn kò mọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹfà, Cavo kúnlẹ̀ tì wọ́n, ó fi ìka tọ etí òkúta láti ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ètè rẹ̀ sì ń mì bíi ti ọmọ tó ń ka oókan. Ó dé òkè. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ará Erin ni ìyá mi," ó sọ fún wọn.

Òòlù wà lọ́wọ́ Orvita. Fún ìṣẹ́jú kan ó ro ohun tí kò yẹ kí ọmọ Kristẹni rò.

Cavo wo ahéré Tunceta, níbi tí èéfín ti ń jáde, ó wo òkè olódi. Ó tutọ́ sílẹ̀. "Olúwa mi kò sọ fún mi pé kí n ka nǹkan kan. Ó ní kí n máa wò ni. Odò ni mo ń wò." Ó padà sórí kùkùté rẹ̀, ó jókòó, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wọn.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde, Catotigen fúnra rẹ̀ wá. Ẹ̀rín kékeré yọ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó rí i pé ọmọbìnrin ló di òòlù mú.

"Ẹ̀n? Macudec, o ti di ọ̀gá jókòó-máa-wò?"

"Ọwọ́ bàbá mi gbọgbẹ́, olúwa mi," Orvita wí kí ẹlòmíràn tó fọhùn. "Mo ń bá a parí rẹ̀ ni."

Catotigen bẹ̀rẹ̀. Ó fi ìka tó ní òrùka tọ àwọn lẹ́tà náà bí ẹni tó ń wo eyín ẹṣin. "Èwo ni orúkọ nínú rẹ̀?"

Orvita nawọ́ sí i. "Orúkọ ẹni tó ni ibojì yìí nìyẹn, olúwa mi."

"Ó kúrú."

"Lẹ́tà Róòmù máa ń ká ọ̀rọ̀ kò, olúwa mi."

Ó wò ó pẹ́. Ó wo Cavo. "Kò sí wàhálà?"

"Àfi àlùbọ́sà tó tán, olúwa mi," Cavo dáhùn.

Ó gun ẹṣin rẹ̀, ó lọ. Orvita jókòó sórí òkúta náà, bàbá rẹ̀ sì di ọwọ́ rẹ̀ mú títí òòrùn fi wọ̀.

Ọjọ́ kejì Àjíǹde, gbogbo ènìyàn pé. Àwọn ọmọ Erin wà níbẹ̀ bí ogójì, àwọn ará òkè wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ogun Catotigen náà dúró pẹ̀lú ọ̀kọ̀. Tunceta dúró nìkan lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́n so okùn mọ́ òkúta, màlúù mẹ́fà fà á, ó gbéra, ó dá orí lé kòtò, ó sì yẹ̀ lójijì. Àwọn ènìyàn ké. Òkúta náà fì sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ti igi sí i lábẹ́, Cavo sì fi èjìká gbà á, iṣan ọrùn rẹ̀ ta jáde, títí wọ́n fi fún okùn le tó sì wọ kòtò rẹ̀ gbàgà. Wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ Ulcan dí i lẹ́sẹ̀.

"Àlùfáà," Catotigen wí, "kà á."

Saturnin súnmọ́ ọn. Ojú rẹ̀ rìn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orvita rí i bí àwọ̀ ṣe kúrò lójú rẹ̀. Ó yíjú wo Catotigen, ó wo òkúta, ó ya ẹnu, kò sí ohùn. Ó tún un yà.

"Ulcan," ó ní lóhùn jẹ́jẹ́. "Ulcan, ọmọ Senac, ló sùn síbí."

Àwọn ènìyàn yíjú sí Catotigen.

"Tún un kà," Catotigen wí.

"Ulcan, ọmọ Senac, ló sùn síbí." Ohùn rẹ̀ ti ga díẹ̀.

"Cavo. Gbé òòlù. Fọ́ ọ kúrò."

Cavo kò kúrò níbi tó wà. "Olúwa mi, ó wà ní etí rẹ̀ náà. Gbogbo ọmọ Erin tó dúró yìí ló lè kà á." Àwọn ọmọ Erin sì ti ń bọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe pẹ̀lú ariwo, wọ́n ń na ọwọ́ sí etí òkúta, wọ́n ń kà á, wọ́n sì ń dúró síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá kà á tán. Kò pẹ́ tí ẹ̀yìn wọn fi bo òkúta náà.

Saturnin ló sọ̀rọ̀. "Tí mo bá ṣi ìwé kà, ẹ jẹ́ ká wú ilẹ̀. Tí a bá bá Vedomal níbí, ta ni mo sin sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wú ibojì Kristẹni lọ́sẹ̀ Àjíǹde, n kò ní fún un ní ara Olúwa, n kò sì ní gbàdúrà fún òkú rẹ̀."

Catotigen ka ọ̀kọ̀ tirẹ̀ lójú, ó ka orí àwọn ènìyàn. Orvita rí i tó ń ṣírò. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú.

"Kí ló ń yà yín lẹ́nu? Ṣebí ohun tí mo ní kí wọ́n gbẹ́ náà nìyí. Aládùúgbò rere ló yẹ kó rántí òkú opó. Tunceta, ẹ̀bùn mi rèé."

Tunceta wólẹ̀ kí i, nítorí kò ya òmùgọ̀. "Ọlọ́run á san án fún yín bó ṣe tọ́ sí yín, olúwa mi."

Nígbà tí Catotigen kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Orvita, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹṣin, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bíi ti ìgbàkigbà. "Kí oṣù tuntun tó lé, n kò gbọdọ̀ rí èéfín ilé yín mọ́."

Bàbá àti ọmọ kó ẹrù wọn, wọ́n lọ. Tunceta fún wọn ní màlúù kan, ó dì mọ́ Orvita pẹ́, kò sì sọ̀rọ̀, òun tí kì í dákẹ́. Cavo pàdánù ẹṣin àti ipò rẹ̀. Àwọn kan ní ó sọdá lọ sí ìlú ìyá rẹ̀. Ní ìhà àríwá tí wọ́n tẹ̀dó sí, nítòsí ilé àwọn mọ́ńkì kan, àwọn ọkùnrin tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún àdúrà, Orvita sọ fún oníbàárà àkọ́kọ́ pé òun fúnra òun lòun ń gbẹ́ òkúta. Ọkùnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní kò burú. Orvita ṣe iṣẹ́ náà fún ọgbọ̀n ọdún, ó bí ọmọbìnrin méjì, ó sì kọ́ àwọn méjèèjì.

Macudec kò rí gbogbo ìyẹn. Ní ọdún kejì tí wọ́n dé, àjàkálẹ̀ àrùn tó ń sọ awọ ara di pupa rúsúrúsú wọ ilẹ̀ náà, ó pa á ní ọjọ́ mẹ́ta. Òkú pọ̀ lọ́sẹ̀ náà débi pé kò sí màlúù tó máa fa òkúta, kò sí ọkùnrin tó máa gbẹ́ kòtò. Orvita nìkan ló sin ín, sábẹ́ koríko lásán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Nígbà tí ara ìlú padà bọ̀ sípò, ọ̀pọ̀ ibojì tuntun ti wà lórí ara wọn níbẹ̀, kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ pé èyí ni ti bàbá òun. Kò fẹ́ rì òkúta sórí ẹni tí kì í ṣe bàbá rẹ̀.

Ó máa ń dùn ún. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tó bá gba ọ̀nà náà kọjá, á sọ ẹrù tó rù kalẹ̀, á pe orúkọ bàbá rẹ̀ àti ti bàbá bàbá rẹ̀ sókè kedere, á gbé ẹrù rẹ̀, á sì máa lọ.